Òrí Lápá Ọ̀tún

Rẹfirí di ọwọ́ Morákinyọ̀ mú bí ẹni tó fẹ́ mú ọmọdé sọdá títì. Ó yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síta, ó wò ó, ó tún yí i padà. Gbogbo ẹni tó bá ń ju bọ́ọ̀lù nínú bésíbọ́ọ̀lù ni wọ́n máa ń ṣe é fún bó bá ń kúrò lórí pápá. Wọ́n á yẹ ọwọ́ wò, wọ́n á yẹ fìlà wò, wọ́n á yẹ bẹ́líìtì wò, nítorí bí ohun tó ń lẹ̀ tàbí ohun tó ń yọ̀ bá wà lọ́wọ́ ajubọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù á máa yà kiri lójú afẹ́fẹ́ débi pé ẹni tó mú igi dání kò ní mọ ibi tí yóò ti gbá a. Kì í pẹ́. Morákinyọ̀ tiẹ̀ ti ń wo ibi tí omi mímu wà nígbà tí àtàǹpàkò ọkùnrin náà dúró sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

Ó fi àtàǹpàkò náà ra ibẹ̀. Ó gbé e sí imú.

"Kí nìyí?"

Morákinyọ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀. Nǹkan kan ń dán níbẹ̀, ó ti bá òógùn ṣàn wá láti ìgúnpá. Kó tó la ẹnu ló ti mọ̀. Òrí ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ti yà sílé àwọn òbí rẹ̀ ní Lawrenceville, lẹ́bàá Atlanta ní Amẹ́ríkà. Ó jẹun, ìyá rẹ̀ sì ní kó jókòó sórí àpótí nínú kíṣìnì, bó ṣe máa ń ṣe láti ìgbà tí ọmọ náà ti wà ní kékeré, tó bá ti ibi bọ́ọ̀lù dé tí apá ọ̀tún rẹ̀ wú. Ìyá á yọ́ òrí sí àtẹ́lẹwọ́, á fi wọ́ apá náà láti èjìká dé ìgúnpá, á fa ìka kọ̀ọ̀kan títí tó fi máa dún, á wá sọ pé, "Apá yìí, o ò ní rọ." Morákinyọ̀ máa ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dé èjìká kó tó lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ní ọkọ̀ pọ̀ lójú ọ̀nà, ẹ̀rù ń bà á kó má pẹ́, ó fọ ọwọ́ nìkan, ó wọ ẹ̀wù alápá gígùn lé e. Oòrùn Atlanta ṣe èyí tó kù.

Ohun tó yẹ kó sọ fún rẹfirí kò le: òrí ni, èmi ni mi ò fọ̀ ọ́ tán. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni ẹnu rẹ̀ ti kọ́ ohun mìíràn.

"Ẹ má bínú, sà," ló sọ.

Rẹfirí mi orí bí ẹni tó ti gbọ́ èsì tó ń retí. Ó nawọ́ sí ọ̀nà àbájáde. Ariwo sọ láàárín èrò.

Ní ilé Bàbá Oyèkànmí, bàbá Morákinyọ̀, òfin kan wà tí wọn kì í tún sọ lẹ́ẹ̀mejì. Bí àgbà bá ní o ṣẹ̀, o ṣẹ̀ o, o ò ṣẹ̀ o, kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ ná. Bẹ̀bẹ̀. Àgbà náà á wò ọ́, inú rẹ̀ á rọ̀, á wá ní, "Dìde. Sọ bó ṣe rí." Ìgbà yẹn ni ẹjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń rojọ́ lórí ìdúró, agbéraga ni, ì báà tiẹ̀ jàre. Ẹni tó bá sì ti dọ̀bálẹ̀ kò gbọdọ̀ dìde títí wọ́n á fi ní kó dìde.

Nítorí náà, nígbà tí ó pàdé kóòṣì, bàbá àgbàlagbà tó ń darí ẹgbẹ́ wọn, ní ọ̀nà tó lọ sí yàrá ìmúra, ara rẹ̀ ṣe ohun tó mọ̀. Ó na gbalaja sílẹ̀, iwájú orí rẹ̀ kan ilẹ̀. "Ẹ má bínú, sà." Ó ń dúró kí wọ́n ní kó dìde. Kóòṣì wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tí àlejò da omi sí lẹ́sẹ̀, ó wá rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹnì kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó gbé fóònù sókè.

Níwájú àwọn oníròyìn náà, ẹ̀bẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀. "Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo yín." Ó dákẹ́, ó ń retí ẹni tó máa ní kó sọ bó ṣe rí. Àwọn kan ti ń ká wáyà kámẹ́rà wọn. Ohun tí wọ́n wá gbọ́, wọ́n ti gbọ́ ọ.

Kó tó délé, orí tó kan ilẹ̀ yẹn ti wà lórí fóònù káàkiri. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ̀ rẹ̀ kò gùn. Ó ti jẹ́wọ́.

Ọjọ́bọ̀ ni àwọn aláṣẹ bésíbọ́ọ̀lù dá fún ìgbẹ́jọ́. Morákinyọ̀ ti sá kúrò ní ilé tó ń gbé láàárín ìlú nítorí àwọn oníròyìn, ó ń sùn ní yàrá rẹ̀ àtijọ́ ní Lawrenceville, lórí ibùsùn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà, Joanna pè é. Joanna ni aṣojú rẹ̀, òun ló ń bá àwọn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀ fún un. Morákinyọ̀ gbé fóònù náà sórí tábìlì kíṣìnì kí ìyá rẹ̀ lè gbọ́.

"Mo, fetí sílẹ̀," Joanna ni. Mo, ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀, ni àwọn òyìnbó ń pè é. "Ìdíje mẹ́wàá tí wọ́n ní o ò ní bá wọn ṣe, ìyẹn kọ́ ni wàhálà wa. Ẹgbẹ́ ti sọ fún mi lẹ́nu. Bí ìdájọ́ bá sọ pé o mọ ohun tó wà lápá rẹ, wọ́n á jù ọ́ sílẹ̀. O ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Ta ló máa gba ẹni tó ti lé lọ́gbọ̀n tí wọ́n ń pè ní oníjìbìtì?"

"Mo gbọ́."

"Nítorí náà, o ò mọ̀. Màmá rẹ fi nǹkan pa ọ́ lápá, o ò bi wọ́n ohun tó jẹ́. Ó parí."

"Mo mọ ohun tó jẹ́, Joanna."

"O ò mọ̀. Mummy á sọ ọ́ fún wọn lórí fóònù. Àbí, Mummy?" Joanna náà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é.

"Mo ti ṣe tán," ni ìyá rẹ̀ wí nídìí síǹkì. "Ta ló mọ̀ mí níbì kankan? Èmi kì í ju bọ́ọ̀lù."

"Ẹ ṣeun. Mo, má tún bẹ ẹnikẹ́ni lónìí. Àwọn èèyàn wọ̀nyí, tó o bá ti ní kí wọ́n má bínú, o ti ní o jẹ̀bi nìyẹn. Má sì sún mọ́ rẹfirí yẹn. Ìwọ o, ará ilé rẹ o. Bí ẹnì kan nínú yín bá bá a sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́, wọ́n á ní ẹ fẹ́ yí i lọ́rọ̀ padà. Èmi ò ní lè tún ìyẹn ṣe."

Ìyá ṣí omi ẹ̀rọ. Ó tì í. Ó tún ṣí i.

Nígbà tí Joanna kúrò lórí fóònù, Morákinyọ̀ ní, "Mọ́mì, mi ò fẹ́ kí ẹ purọ́ nítorí mi."

"Irọ́ wo? Ṣé èmi kọ́ ni mo fi pa ọ́ lápá ni?"

"Mo mọ̀ pé ẹ fi pa mí."

"Mímọ̀ rẹ kò kàn wọ́n. Jẹ́ kí n gbé e. Ẹrù tó bá wọ ọmọ lọ́rùn, ìyá ló ń bá a sọ̀ ọ́."

Ilẹ̀kùn ṣí, Péjú, àbúrò rẹ̀ obìnrin, wọlé pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lára, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí shift. Ó bọ́ bàtà, ó kí wọn, ó sì wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Mummy, Daddy dà? Agbádá funfun wọn ò sí lára ìkọ́."

"Wọ́n jáde."

"Jáde lọ síbo? Mọ́tò wọn wà níta."

"Nojeem ló wá gbé wọn."

Omi ẹ̀rọ ṣì ń dà. Morákinyọ̀ wo ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Uncle Nojeem àti bàbá rẹ̀ jọ ṣiṣẹ́ títí ní ilé ẹrù ní Forest Park. Nígbà tí Uncle fẹ̀yìn tì, ó lọ ń wa bọ́ọ̀sì òtẹ́ẹ̀lì kan ní Pleasant Hill Road ní Duluth, ó ń lọ gbé àlejò ní pápákọ̀ òfuurufú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kọjá, nídìí oúnjẹ, ó sọ fún wọn pé ayé kéré, òun ló lọ gbé rẹfirí yẹn, ó sọ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì àwọn, ó ń dúró de ìgbẹ́jọ́. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá Oyèkànmí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì. Ibo ni wọ́n lọ?"

"Wọ́n lọ bẹ ọkùnrin yẹn."

Péjú jókòó sórí àga tó sún mọ́ ọn.

"Bàbá rẹ ní o bẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹnì kankan ò dá ọ lóhùn. Ó ní bóyá torí pé ọmọdé ló bẹ̀bẹ̀. Ó ní àgbà ló ń bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ, òun á sì mú àgbà kejì dání."

"Ẹ sì gbọ́ ohun tí Joanna sọ."

"Wọ́n ti lọ kó tó pè." Ìyá ti omi ẹ̀rọ náà níkẹyìn. "Mo rò pé ó máa dára ni."

Péjú ló wa ọkọ̀, Morákinyọ̀ sì ń tẹ fóònù. Ó pe bàbá rẹ̀ títí, kò gbé e. Uncle Nojeem gbé tirẹ̀.

"Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí padà."

"Yí padà kẹ̀? A ti wà ní parking lot. Bàbá rẹ ń ṣètò agbádá rẹ̀. Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀, a ò mú nǹkan kan dání. Mo ní ká mú obì, bàbá rẹ ní òyìnbó ò ní mọ ohun tó máa fi ṣe."

"Uncle, wọ́n lè lé mi kúrò nídìí bọ́ọ̀lù títí ayé."

"Nítorí ẹ̀bẹ̀?"

"Nítorí ẹ̀bẹ̀."

"Irú ìlú wo lèyí," ni Uncle Nojeem wí. "Òṣìkà gan-an, ẹ̀bẹ̀ la fi ń bá a sọ̀rọ̀."

"Ẹ gbé fóònù fún Dádì."

"Ó fi tiẹ̀ sílẹ̀ nínú mọ́tò, ó ní a kì í fi fóònù lọ bẹ̀bẹ̀. Òun gan-an kò sì sí níbí mọ́, ó ti sọ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin yẹn ló ń jáde bọ̀ yìí. Jẹ́ kí n tẹ̀ lé bàbá rẹ, orúnkún rẹ̀ ò dáa." Fóònù kú.

Iná pupa dá wọn dúró ní Pleasant Hill. Wọ́n kọjá i, iná mìíràn tún dá wọn dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Korea níbi tí ìyá wọn ti máa ń ra ẹja. Péjú ń fi ìka lu ọwọ́ ọkọ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án ni Morákinyọ̀ fi ju bọ́ọ̀lù ní àwọn ìlú kéékèèké kí wọ́n tó pè é sí ẹgbẹ́ ńlá. Inú bọ́ọ̀sì ló ń sùn. Bí ìgbà òtútù bá dé tí bọ́ọ̀lù bá parí, á padà wá bá bàbá rẹ̀ ní Forest Park, wọ́n á jọ máa gbé páálí sínú tírélà, nítorí ohun tí àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké ń san kò tó jẹ. Lásìkò ìsinmi ọ̀sán, bàbá rẹ̀ á gbé páálí òfìfo kan lọ sí ìpẹ̀kun ilé ẹrù náà, á fi máákà ya àmì sí i, Morákinyọ̀ á sì máa ju bọ́ọ̀lù sí i títí wọ́n á fi fọn fèrè iṣẹ́. Bàbá rẹ̀ kò mọ òfin bésíbọ́ọ̀lù títí di òní. Bí bọ́ọ̀lù bá tàsé àmì, kì í béèrè ìdí. Ohun tó máa ń sọ kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ. "Tún un jù."

Kò sí ẹni tó ya fídíò ìyẹn. Iṣẹ́ ọdún mẹ́sàn-án kò gba inú fóònù. Ìtìjú ìṣẹ́jú kan gbà á dáadáa.

Péjú yà wọ iwájú òtẹ́ẹ̀lì. Agbádá funfun ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Bàbá Oyèkànmí ti na gbọọrọ lórí ọ̀dà, ó dojú bolẹ̀, fìlà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Rẹfirí dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ife kọfí lọ́wọ́ kan, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ kejì. Uncle Nojeem, tí ẹ̀yìn kì í jẹ́ kó lè dọ̀bálẹ̀ mọ́, ti kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣàlàyé. Lẹ́nu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì, obìnrin kan ti dúró pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti gbé fóònù sókè.

"Bọ̀dá mi, ẹ má sọ̀ kalẹ̀," Péjú ni. "Èmi á lọ gbé wọn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ mí. Ẹ tẹ orí ba."

Ọgbọ́n ni. Fóònù ń gbọ̀n lápò rẹ̀, Joanna ni. Bó bá tẹ orí ba, kò sẹ́ni tó máa lè sọ pé ó débẹ̀. Ó tẹ orí ba. Láti ìsàlẹ̀ gíláàsì, àtẹ́lẹ̀ bàtà bàbá rẹ̀ ni ó ń rí, bàtà ṣọ́ọ̀ṣì, tí gìgísẹ̀ ọ̀kan ti jẹ ju èkejì lọ nítorí orúnkún tí páálí Forest Park bà jẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé orúkọ oníjìbìtì ló ń dun òun. Irọ́ ni. Iwájú orí tó kan ilẹ̀ yẹn ló ń dùn ún. Gbogbo ìgbà tó bá rí i lórí fóònù, ojú àwọn òyìnbó ló fi ń wò ó: ọkùnrin gìrìwò tó wó lulẹ̀ bí ògiri. Bàbá rẹ̀ ló wà nílẹ̀ báyìí, ní ìdùbúlẹ̀ kan náà, Morákinyọ̀ sì ń wá ibi tí ìtìjú wà lára rẹ̀, kò rí i. Bàbá kò wó. Ó ti ṣí fìlà, ó ti ká agbádá, ó ti rọra gbé ara rẹ̀ kalẹ̀ bí èèyàn ṣe ń gbé ohun iyebíye kalẹ̀ kí ẹlòmíràn lè rí i.

Morákinyọ̀ ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Rẹfirí rí i, ó sún sẹ́yìn. "Rárá o. Mi ò lè bá ọ sọ̀rọ̀. O mọ̀ pé mi ò lè bá ọ sọ̀rọ̀."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ̀yin kọ́ ni mo wá bá. Bàbá mi ni mo wá mú lọ sílé." Ó lóṣòó. "Dádì, ẹ dìde ká máa lọ."

"Ìwọ kọ́ ni mo bẹ̀," ni bàbá rẹ̀ sọ sí ọ̀dà. "Òun kò tíì ní kí n dìde."

"Ilẹ̀ ń jó yín, Dádì."

"Mo mọ̀ pé ó ń jó mi. Èmi ni mo wà níbẹ̀."

"Mo ti ṣàlàyé títí," ni Uncle Nojeem wí. "Mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, mo sọ ọ́ ní pidgin. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n tí ohùn rẹ̀ ti lọ."

Morákinyọ̀ wo ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ya fídíò. Ọmọ kì í wà lórí ìdúró kí bàbá rẹ̀ wà nílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ooru ọ̀dà gba ẹ̀wù kọjá mọ́ ọn láyà.

"Sà," ló ní láti ilẹ̀, "ẹ má dá mi lóhùn nípa ẹjọ́. Ẹjọ́ kọ́ ni mo ń sọ. Nílé wa, ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ kì í dìde títí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ á fi ní kó dìde. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù. Orúnkún wọn ò dáa."

Ọkọ̀ kan fẹ́ wọlé, ó rí wọn, ó dúró. Rẹfirí wo fóònù tó wà lókè, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wá wo ẹ̀yìn ọrùn bàbá arúgbó náà, níbi tí òógùn ti ń ṣàn wọ inú agbádá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀. Ó di ìgúnpá Bàbá Oyèkànmí mú.

"Dìde, sà," ló ní. "Jọ̀ọ́, dìde."

Òun àti Morákinyọ̀ ni wọ́n jọ gbé e dìde, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bàbá dé fìlà rẹ̀. Ó gbọn iwájú agbádá, ṣùgbọ́n àmì ọ̀dà ò kúrò.

"Ẹ ṣeun, sà," ló sọ fún rẹfirí ní Gẹ̀ẹ́sì. "Ó kù kí ẹ bi ọmọ mi bó ṣe rí."

Rẹfirí mi orí. "Èmi kọ́ ló máa bi í, sà. Mo sì gbọ́dọ̀ sọ fún wọn pé ẹ wá."

"Ẹ sọ ọ́," ni Morákinyọ̀ wí. "Ẹ sọ gbogbo ẹ̀ bó ṣe rí."

Ọkùnrin náà wo àtẹ́lẹwọ́ tó fi gbé bàbá dìde. Ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó mú kọfí rẹ̀, ó sì lọ.

Àwọn èèyàn ti rí fídíò kejì, ti òtẹ́ẹ̀lì, kí Morákinyọ̀ tó dé ọ́fíìsì tí wọ́n ti fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ ní àárín ìlú. Joanna kò bá a jà. Ojú rẹ̀ ti funfun. "Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù," ló sọ sí i létí. "O ò mọ̀. Sọ bẹ́ẹ̀ kí o sì jókòó."

Rẹfirí ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ó sọ ohun tó rí lọ́rùn ọwọ́ Morákinyọ̀. Lẹ́yìn náà, ó sọ ti òwúrọ̀. "Wọn ò fún mi ní nǹkan kan, wọn ò ṣèlérí nǹkan kan. Bàbá arúgbó kan dọ̀bálẹ̀. Mo ní kó dìde. Ọmọ rẹ̀ mú un lọ sílé."

Obìnrin tó ń darí ìgbẹ́jọ́ náà kọjú sí Morákinyọ̀. "Ṣé o mọ ohun tó wà lápá rẹ lọ́jọ́ náà?"

Fóònù wà lórí tábìlì, ìyá rẹ̀ wà lórí rẹ̀ ní Lawrenceville, ó ń dúró kí wọ́n bi òun. Morákinyọ̀ ń gbọ́ èémí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré, á sì padà sórí pápá. Ó rántí páálí tó wà ní ìpẹ̀kun ilé ẹrù. Gbogbo bọ́ọ̀lù tó tàsé, apá tirẹ̀ náà ló jù ú.

"Mo mọ̀," ló ní.

Joanna di ojú.

"Morákinyọ̀," ni ìyá rẹ̀ pè é lórí fóònù, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ má ṣèyọnu." Ó wá rò ó fún wọn. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń yọ́ òrí, bí wọ́n ṣe ń fi wọ́ apá láti ìgbà tó wà ní kékeré, bó ṣe máa ń fọ̀ ọ́, bí kò ṣe fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà. "Mi ò fi wá ọ̀nà ẹ̀bùrú láti ju bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó wà lápá mi, mo mọ̀ pé òfin ò fẹ́ ẹ, mo sì wọ ẹ̀wù lé e. Ẹ̀bi tèmi ni, kì í ṣe ti ìyá mi." Ìgbà tó sọ ọ́ tán pátápátá ló tó ní, "Mo tọrọ àforíjì." Kò tíì gbé e sí ìparí ọ̀rọ̀ rí láyé rẹ̀.

Wọn ò ka ti òtẹ́ẹ̀lì sí i lọ́rùn. Ìdíje mẹ́wàá náà dúró. Wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó mọ̀.

Kóòṣì fúnra rẹ̀ ló pè é lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Bàbá Oyèkànmí gbé ẹsẹ̀ lé àga nínú kíṣìnì, orúnkún rẹ̀ ti bó níbi tí ọ̀dà ti jó o. Ìyá jókòó sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń yọ́ òrí sí àtẹ́lẹwọ́.

Ọ̀rọ̀ kóòṣì kò pọ̀. Ẹgbẹ́ ti jù ú sílẹ̀. Kó wá kó ẹrù rẹ̀ nígbà tó bá rọrùn fún un.

"Ẹ ṣeun, sà," ni Morákinyọ̀ wí. Ó ń dúró kí fóònù kú. Kò kú.

"Mo wo fídíò kejì yẹn," ni àgbàlagbà náà wí. "Lọ́jọ́ tó o dùbúlẹ̀ níwájú mi. Ṣé o ń dúró dè mí ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ló yẹ kí n ṣe?"

"Kí ẹ ní kí n dìde."

"Mo sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ kọjá."

"Ẹ ò mọ̀, sà."

"Rárá, mi ò mọ̀." Ó húkọ́. "Ó dáa. Dìde, Mo."

Morákinyọ̀ ti jókòó sórí àga láti ìgbà tí fóònù ti dún. Ó dìde dúró.

"Ta nìyẹn?" ni bàbá rẹ̀ béèrè nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀.

"Kóòṣì ni. Wọ́n ti jù mí sílẹ̀. Ó ní kí n dìde."

Bàbá Oyèkànmí rò ó wò. "Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́."

Ìyá ti fi òrí pa orúnkún náà tán. Ó ṣì kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo apá ọ̀tún ọmọ rẹ̀, ó sì gbé ojú kúrò. Kò tíì fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ yẹn. Morákinyọ̀ fa àpótí, ó bọ́ ẹ̀wù, ó jókòó níwájú rẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó máa yẹ ọwọ́ mi wò lọ́la, Mọ́mì."

Ìyá gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀. Ó wọ́ ọ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó dé ìgúnpá, níbi tó ti máa ń dúró, kò dúró, ó wọ́ ọ dé ọrùn ọwọ́, ó fi àtàǹpàkò ra ibẹ̀ títí òrí fi wọlé. Ó fa ìka kọ̀ọ̀kan, wọ́n dún. Kò sọ ohun tó máa ń sọ.

"Páálí òfìfo kan wà nínú garage," ni bàbá rẹ̀ wí lórí àga. "Bó o bá jẹun tán."